Ilé Ahoro Mọ́kànlélógójì

Ẹnu mi ni Tíṣà Ọlájídé fi pa ìlú mi run. Ọdún 1963 ni. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, ìwé kẹta ni mo wà, kò sì sí ọmọ tó mọ̀wé tó mi ní Ìpọnmi.

Ẹ lè wá Ìpọnmi lórí máàpù títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ ò ní rí i. Ìlú ni nígbà náà. Etí odò Àwẹ́là ló wà, ó ní baálẹ̀, ó ní ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún, ó sì ní iléèwé oníyàrá méjì. Àwa la ni ọkọ̀ tí gbogbo èèyàn fi ń sọdá. Ìgbásà wà lókè, ìrìn wákàtí méjì sí wa. Wọ́n pọ̀ jù wá lọ, wọ́n ní ọba, wọ́n ní kóòtù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ sọdá nínú wọn, àfi kó dúró ní èbúté wa kó máa pariwo pé, “Ẹ gbé ọkọ̀ wá o!” Bàbá mi sọ fún mi pé ọba wọn kan dúró létí odò láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, torí pé ọlọ́kọ̀ wa ń jẹun lọ́wọ́. Ọlọ́kọ̀ ní, “Ẹ ní kí Kábíyèsí fara balẹ̀, odò ò lọ síbì kankan.” Wọ́n rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ yẹn ní Ìpọnmi fún ogójì ọdún. Àwọn ará Ìgbásà ò rẹ́rìn-ín.

Ọmọ Ìgbásà ni Tíṣà Ọlájídé. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, ó fún wa níṣẹ́ ṣe nílé. Ó ní kí kálukú kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń sùn nínú ilé wọn, kí a má fo ẹnikẹ́ni, títí kan ọmọ ọwọ́. Àwọn àgbà wa kì í ka ọmọ. Bí ẹ bá bi bàbá mi pé ọmọ mélòó ló bí, á ní, “Ọlọ́run ṣe é, wọ́n wà.” Ṣùgbọ́n orúkọ kọ́ ni iye, kò sẹ́ni tó rí ohun tó burú nínú kí ọmọ kọ orúkọ. Èèyàn mẹ́tàdínlógún ni mo kọ. Tíṣà fún mi ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá, ó sì gba ìwé gbogbo wa pa mọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“Raheem, o mọ̀wé, wọ́n á gbọ́ tìẹ. Lọ sọ fún bàbá rẹ àti Baálẹ̀ pé àwọn kan ń bọ̀ lọ́jọ́ Túsìdeè láti wá ka orí èèyàn. Orí tí wọ́n bá kà, wọ́n ti mú un nìyẹn. Ní ọdún tó ń bọ̀, wọ́n á padà wá gbé e. Sọ fún wọn pé èmi náà ń kó àwọn ọmọ mi sá lọ sóko.”

Mo sáré lọ. Mo dúró láàárín àwọn àgbà, mo sì sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, n kò yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Baálẹ̀ bi mí pé, “Ṣé Tíṣà fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní mo ṣeun.

Gbogbo ìlú sọdá. A kò fi adìyẹ kan sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin la lò lórí iyanrìn ní òdì kejì odò, nínú ìrì, pẹ̀lú kòkòrò. Ní ọjọ́ kẹta, ìyá mi rọbí níbẹ̀. Àárọ̀ ló bẹ̀rẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ni ọmọ jáde, kò sì ké. Ibẹ̀ la sin ín sí. Kò ní orúkọ.

Nígbà tí a padà, a rí i pé wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sára ògiri kọ̀ọ̀kan. Baálẹ̀ ní, “Ẹ pe ọmọ tó mọ̀wé.” Mo kà á síta: “Ilé ahoro. Abà Ìgbásà.” A lọ sí ilé kejì, mo kà á. Ohun kan náà ni. Nígbà tí a fi dé ilé kẹwàá, gbogbo èèyàn ti mọ̀ ọ́n sórí, mo wo ojú Baálẹ̀ bóyá kí n dákẹ́. Ó ní, “Máa kà á lọ.” Ilé mọ́kànlélógójì ni mo kà.

Adẹ́mu kan tó yọ́ padà lọ gun ọ̀pẹ rẹ̀ ní ọjọ́ kẹta sọ pé Tíṣà Ọlájídé ló ń mú akànìyàn káàkiri, pẹ̀lú ìwé wa lábẹ́ abíyá, wọ́n sì dúró pẹ́ lẹ́nu ilé wa. Tíṣà kò padà wá sí iléèwé wa mọ́. Ìwé ìjọba jáde, a kò sí níbẹ̀. Orúkọ wa wà nínú rẹ̀ o, ṣùgbọ́n abẹ́ àwọn ilé Ìgbásà ni wọ́n kó wa sí. Abà kì í ní iléèwé, wọ́n ti tiwa pa. Abà kì í ní ọjà, wọ́n gbé ọjà lọ sókè. Nígbà tó yá, ìjọba kọ́ afárá, ọkọ̀ wa jẹrà sí èbúté, wọ́n sì ri pátákó mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa gan-an: ÌGBÁSÀ KÍ YÍN KÁÀBỌ̀. Wọ́n ń pè wá ní Àdúgbò Ìsàlẹ̀-Odò. Mo ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí iléèwé ní Ìgbásà fún oṣù mẹ́fà, níbi tí Tíṣà Ọlájídé ti di ọ̀gá àgbà. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ń pè mí ní Ahoro. “Ahoro, bọ́ síwájú!” “Ahoro, ṣé èèyàn wà nínú ẹ?” Tíṣà ń gbọ́. Ní ìwé kẹrin, mo jáde, n kò sì wọ kíláàsì kankan mọ́ títí di òní.

Ẹni tó ṣu lè gbàgbé. Ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

*

Ọdún 2000 ni mo dé Dublin. Ìlú náà ń hó bí omi lórí iná nígbà náà. Gbogbo ibi tí ẹ bá yíjú sí, ẹ̀rọ tó ń gbé bíríkì sókè ni. Èmi àti ìyàwó mi Wòsílátù gba yàrá kan nítòsí Parnell Street. Mo ń tọ́jú ọ́fíìsì ní Citywest láti ìrọ̀lẹ́. Òun ń bá àwọn èèyàn tọ́jú arúgbó àti ọmọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2006, ó rí iṣẹ́ ní Corduff, àdúgbò kan ní ẹ̀yìn Dublin, nílé dókítà kan tó ń jẹ́ Doyinsọ́lá. Bàbá dókítà ló wá kí i láti ilé, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Wòsílátù á dé, á máa ráhùn.

“Bàbá yìí á pa mí! Mo ní ‘ẹ jẹ́ kí n gbé abọ́ yín’, ó ní kí n dúró ṣánṣán kí n tó bá òun sọ̀rọ̀. Ṣé iléèwé ni mo wá ni?”

Mo bi í pé kí ni orúkọ rẹ̀. Ó sọ ọ́. Mo ní kó tún un sọ. Ní Sátidé, mo bá a lọ.

Dókítà ló ṣí ilẹ̀kùn. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, n kò lè sọ ohun burúkú kan nípa rẹ̀. “Bọ̀dá Raheem, ẹ wọlé. Dádì mi nìyí. Gbogbo Ìgbásà ni wọ́n kọ́ níwèé, kò sí ilé tí wọn ò ní ọmọ sí.”

Mo dọ̀bálẹ̀. Àyà mi kan kápẹ́ẹ̀tì. Bàbá ní, “Dìde. Ọmọ ibo ni ẹ́?”

“Ìsàlẹ̀-Odò, sà.”

“Áà! Ìgbásà wa náà ni! Ẹja ibẹ̀ dùn.”

“Ẹ ṣeun, sà.”

Kò mọ̀ mí. Oṣù méjì ni mo fi ń lọ kí i, mo ń mú un lọ ra àkàrà ní Parnell Street, mo ń bá a so okùn bàtà. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: n kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi í ṣe. Mo kàn fẹ́ máa rí i ni.

Àfi ìgbà tí Láńre, ọmọ àbúrò bàbá mi, pè mí láti ilé ní oṣù kẹrin. Ìjọba ìbílẹ̀ ti gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ àwọn ìlú tó ní àwọn kì í ṣe abà. Ìpọnmi ti ro ẹjọ́ tirẹ̀. Ìgbásà wá, wọ́n gbé ìwé ìkànìyàn 1963 sílẹ̀: ilé ahoro mọ́kànlélógójì.

“Alága ní kí a mú ẹnì kan wá tó fojú ara rẹ̀ rí i,” ni Láńre wí. “Adẹ́mu ti kú. Baálẹ̀ ti kú. Ọjọ́ Fúráìdeè, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, ni wọ́n máa pa ìwé ẹjọ́ dé. Tí a ò bá rí ẹnikẹ́ni, ó parí nìyẹn, bọ̀dá mi. Títí ayé.”

“Tí ẹni tó kọ ọ́ bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù ńkọ́?”

“Ta ni?”

“Lọ bi Alága bóyá wọ́n á gbọ́.”

Alága ní àwọn á gbọ́, bí ẹni náà bá sọ orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ tí àwọn ará Ìgbásà tó jókòó níbẹ̀ sì dá ohùn rẹ̀ mọ̀.

*

Ọdún yẹn náà ni ìjọba Ireland ń ka èèyàn. Ní ibẹ̀, wọ́n máa ń mú ìwé wá sílé ni, kí onílé kọ ọ́ fúnra rẹ̀, gbogbo ẹni tó bá sùn nínú ilé lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, títí kan àlejò. Obìnrin onírun pupa kan ló ń pín in ní Corduff. Mo bá a pàdé lójú ọ̀nà, mo bi í bóyá wọ́n á fi ìwé náà wá àwọn tí físà wọn ti kọjá. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní rárá o, ìjọba ò gbọdọ̀ fi han ẹnikẹ́ni, ẹ̀wọ̀n ni fún ẹni tó bá ṣe é.

Mo wọlé lọ bá Bàbá. Físà rẹ̀ ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, dókítà ń bá a tún un ṣe.

“Bàbá, àwọn tó ń ka orí ti dé o.”

“Orí ta ni?”

“Orí gbogbo èèyàn. Ẹni tí wọ́n bá kọ tí físà rẹ̀ ti kọjá, wọ́n ti mú un nìyẹn. Wọ́n á wá gbé e. Wọ́n á sì gba ìwé iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tó gbà á sílé.”

Ojú rẹ̀ yí padà. Ọ̀rọ̀ tí mo lò, òun ló kọ́ mi. Kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n. Nígbà tí obìnrin náà kan ilẹ̀kùn, arúgbó ti gun àtẹ̀gùn lọ sókè. Mo gba ìwé, obìnrin náà lọ. Mo po tíì, mo mu ún. Wákàtí kan kọjá. Kamilah, ọmọ dókítà, dé láti iléèwé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa ṣùgbọ́n ẹnu Dublin ló fi ń fèsì. Ó lọ sókè lọ mú aṣọ, ó sáré padà wá.

“Uncle Raheem, Grandad's in the hot press! He's sitting on the towels, like!”

Àpótí inú ògiri ni hot press, ibi tí tánkì omi gbígbóná wà, níbi tí wọ́n ti ń sá aṣọ. Mo lọ ṣí i. Ó ká orúnkún mọ́ àyà, òógùn bò ó.

“Ṣé wọ́n ti lọ?”

“Ó ti pẹ́ díẹ̀, sà.”

“Ṣé wọ́n rí mi?”

“Kò sẹ́ni tó rí yín.”

Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín. “You're grand, Grandad, you can come out.”

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè tí wọ́n kọ ìwé náà, mo wà níbẹ̀. Dókítà ṣàlàyé títí fún un. “Dádì, àṣírí ni, kò sẹ́ni tó máa fi hàn. Ẹ jẹ́ kí n kọ yín.” Arúgbó fi ọ̀pá gbá ilẹ̀. Ó ní bí ó bá kọ orúkọ òun, òun á sùn sójú títì. Dókítà ti ṣiṣẹ́ láti àná láìsùn. Ó mí kanlẹ̀, ó kọ orúkọ tirẹ̀ àti ti Kamilah, ó sì ká ìwé náà sórí tábìlì. Mo kà á. Èèyàn méjì.

Lọ́jọ́ kejì, Wòsílátù lọ sí Cork lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó bímọ. Dókítà bẹ̀ mí pé kí n máa bá òun jókòó ti Bàbá di ọjọ́ Fúráìdeè, kí n máa gbé oúnjẹ rẹ̀ gbóná fún un.

*

Ní Mọ́ńdè, mo fi kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn.

“Raheem, káàárọ̀,” ni arúgbó wí.

N kò dáhùn. Mo gbé ìrẹsì àti ẹran tí dókítà fi sílẹ̀ gbóná. Mo jókòó síwájú rẹ̀, mo sì jẹ ẹ́.

“Raheem, oúnjẹ mi ńkọ́?”

Mo gé ẹran. Mo jẹ ẹ́. Wòsílátù pè mí láti Cork, ó ní ṣé mo dé ibẹ̀ láyọ̀. Mo wo ojú Bàbá, mo ní, “Mo dé. Rárá, kò sẹ́nìkankan níbí. Èmi nìkan ni. Ilé ahoro ni.”

Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Mo rí i tó gbọ́ ọ.

Ní Túsìdeè, ó gbìyànjú láti gbé oúnjẹ fúnra rẹ̀. Abọ́ já bọ́, ọbẹ̀ dà sí i lẹ́sẹ̀. Mo gbá àwọn àfọ́kù yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, bí ẹni ń gbálẹ̀ yí ẹsẹ̀ tábìlì ká, mo sì fi ọbẹ̀ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ní Wẹ́sìdeè, mo pa hítà. Oṣù kẹrin ni, òtútù ṣì ń mú. Ó ní òtútù ń mú òun. Mo bá ògiri sọ̀rọ̀, mo ní, “Ilé tí ò séèyàn, kí la fẹ́ tan hítà sí?” Ó lọ wá búláńkẹ́ẹ̀tì. Mo jókòó sórí àga rẹ̀ kó tó padà, ó dúró sáàárín ilé títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó sì lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn.

Tí Kamilah bá ti dé ní agogo mẹ́ta, mo máa ń dìde. “Bàbá, ṣé kí n po tíì fún yín, sà?” Ohùn mi á dùn bí oyin. Á wò mí. Tí dókítà bá dé ní ìrọ̀lẹ́, á jẹun bí ẹni tó gbààwẹ̀. Dókítà á ní, “Dádì, ẹ̀ ń jẹun dáadáa báyìí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Bọ̀dá Raheem.” Kò fẹjọ́ sùn. Ẹni tó bá fẹjọ́ sùn, wọ́n á bi í pé kí ló ṣe fún ẹni náà.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ka èyí tó ní mo ṣìkà, mo gbà. Mo ṣìkà. Ẹ lọ bá mi wá ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà kí ọjọ́ Fúráìdeè tó pé.

Ní Tọ́sìdeè, obìnrin onírun pupa padà wá gba ìwé. Mo ṣílẹ̀kùn. Ó ka ohun tó wà níbẹ̀, ó ní ṣé èèyàn méjì péré ló sùn níbí lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Mo ní méjì péré. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Arúgbó ti wá sẹ́nu ọ̀nà, búláńkẹ́ẹ̀tì ní èjìká. Ó fi òyìnbó tíṣà, èyí tó fi ń kọ́ wa nígbà yẹn, sọ̀rọ̀: “Madam, I was here on Sunday. I am here.”

Obìnrin náà wò mí.

Mo rẹ ohùn mi sílẹ̀. Mo ní àlejò ni, àárọ̀ yìí ló dé, orí rẹ̀ ò pé mọ́ látàrí ọjọ́ orí, ẹ má dá a lóhùn. Ojú obìnrin náà rọ̀. Ó ní, “Ah, God love him,” ó fi ìwé sínú báàgì, ó lọ.

Mo ti ilẹ̀kùn. Arúgbó jókòó sórí àtẹ̀gùn tó sún mọ́ ilẹ̀ jù.

“Ọmọ ta ni ẹ́?”

Ọjọ́ mẹ́rin nìyẹn tí n kò dá a lóhùn. Mo dá a lóhùn. “Ọmọ Bùráímọ̀ ọlọ́kọ̀. Ìwé kẹta. Ẹ fún mi ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá.”

“Raheem.” Ó pè é bí ó ṣe ń pè é nínú kíláàsì. “Mo rò pé o ti kú. Mo rò pé gbogbo yín ti kú tán.”

“Ẹ gbàdúrà fún un ni?”

Ó ní, “Kí lo fẹ́? Ọmọdé ni mí nígbà yẹn. Ọmọ ọdún márùndínlógójì.”

“Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni èmi.”

“Kí lo fẹ́, Raheem?”

“Ẹnu yín. Lọ́la, ní agogo méjìlá. Àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ wà lórí fóònù.”

“Tí n kò bá ṣe é?”

“Ẹ máa jókòó síbi tí ẹ wà yẹn. Kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀.”

*

Dókítà ò lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Fúráìdeè. Mo sọ fún un pé Bàbá fẹ́ kí àwọn àgbà ìlú lórí fóònù, pé fóònù ṣọ́ọ̀bù Juliana ní Parnell Street, níbi tí a ti ń sanwó pe ilé, ló máa ń já gaara. Fóònù wà nílé dókítà, a lè ṣe é nínú yàrá níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má gbọ́. N kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé Juliana ní fóònù kan lórí káńtà tó ń fi ohùn síta, pé ní ọjọ́ Fúráìdeè, kí wọ́n tó lọ kírun, àwọn èèyàn wa máa ń kún ibẹ̀. Dókítà ló wa mọ́tò gbé wa lọ. Ó bá bàbá rẹ̀ tún kọ́là ẹ̀wù ṣe kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ó ní, “Ẹ kí wọn dáadáa o, Dádì, ẹ sọ fún wọn pé mo ń bọ̀ wálé ní Kérésì.”

Èèyàn mẹ́jọ ló tò sídìí káńtà láti ra káàdì ìpè. Juliana ní, “Raheem, booth mẹ́ta ti ṣófo, kí lẹ fẹ́ fi speaker ṣe? Ṣé ìwàásù ni?”

“Àwọn tó fẹ́ gbọ́ pọ̀,” ni mo wí.

Ó tẹ nọ́ńbà. Láńre gbé e. Mo gbọ́ ariwo yàrá tó kún. Lẹ́yìn náà, ohùn àgbàlagbà kan jáde.

“Èmi ni alága. Ìwọ tó fẹ́ sọ̀rọ̀, sọ orúkọ rẹ.”

Arúgbó di etí káńtà mú. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo mí. Mo rò pé kò ní sọ̀rọ̀. Mo ti ń múra ohun tí màá ṣe fún un tí kò bá sọ̀rọ̀.

“Orúkọ mi ni Michael Ọlájídé,” ló wí. “Mo jẹ́ tíṣà ní Ìpọnmi fún ọdún mẹ́ta.”

N kò gbọ́ orúkọ ìlú mi lẹ́nu ọmọ Ìgbásà kan rí, láti ìgbà tí mo ti wà láyé. Níbẹ̀, lódì kejì fóònù, ẹnì kan pariwo pé, “Tíṣà ni! Ohùn Tíṣà ni!” Ẹlòmíràn ní kó dákẹ́.

“Ìlú ni àbí abà?” ni alága bi í.

“Ìlú ni. Ó ní baálẹ̀, ó ní ọjà. Ilé mọ́kànlélógójì, gbogbo rẹ̀ ló ní èèyàn.”

“Ìwé ní ahoro ni wọ́n.”

“Èmi ni mo sọ wọ́n di ahoro. Mo parọ́ fún wọn pé ẹni tí wọ́n bá ka orí rẹ̀ máa kú, torí mo mọ̀ pé wọn kì í ka ọmọ, wọ́n á gbà á gbọ́. Ọmọdé ni mo rán. Orúkọ wọn wà lọ́wọ́ mi nínú ìwé àwọn ọmọ iléèwé, mo kó wọn sábẹ́ ilé Ìgbásà, bí ẹni pé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń sùn.”

“Ta ló rán ọ?”

“Wọ́n ní wọ́n á fi mí ṣe ọ̀gá àgbà iléèwé. Wọ́n sì fi mí ṣe é.”

Kò sẹ́ni tó ń ra káàdì mọ́ lẹ́yìn wa. Juliana ti fi ọwọ́ bo ẹnu. Dókítà di apá bàbá rẹ̀ mú. “Dádì, ó ti tó. Ẹ jẹ́ ká lọ.”

“Kò tíì tó,” ni mo wí. “Ẹ sọ ti ọjọ́ kẹta fún wọn.”

“Bọ̀dá Raheem, ẹ jọ̀ọ́!”

“Ọjọ́ kẹta, Tíṣà. Ilé bàbá mi.”

Arúgbó ò wo ẹnikẹ́ni mọ́. Fóònù ló ń wò.

“Ní ọjọ́ kẹta, a dé ilé Bùráímọ̀ ọlọ́kọ̀, létí omi. A gbọ́ igbe obìnrin kan láti òdì kejì. Mo ní ìyàwó nílé, mo mọ igbe ìrọbí. Akànìyàn bi mí pé, kí nìyẹn? Mo ní ẹyẹ odò ni. Ó ní ohun tí òun gbọ́ yìí jọ èèyàn, ṣé kí òun má kọ ọ́ pé èèyàn wà níbí. Igbe náà tún dé. Mo gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ rẹ̀, èmi fúnra mi ni mo sì kọ ọ́ sára ògiri pé ahoro ni.”